Àwọn Ajáwé Tí Kò Jáwé Olúborí

 

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní arìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe àkíyèsí pé ènìyàn lè rìn jìnnà, kí ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, kí ó ya fọ́tò iké náà, kí ó sì padà sílé láìbéèrè ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín fà lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ tíì. Àwọn ojúlùmọ̀ mi tí wọ́n ti lọ sí àwọn òkè Sri Lanka, erékùṣù tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, a máa mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta bọ̀: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, oko ibẹ̀ gún régé, tíì ibẹ̀ ń ta sánsán. Wọn a fi fọ́tò hàn mí: obìnrin kan nínú aṣọ aláràbarà, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá béèrè orúkọ obìnrin náà, wọn a ní àwọn kò bi í. Bí mo bá béèrè orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá oko tíì níbẹ̀, wọn a dáhùn kíákíá pé James Taylor ni. Bí mo bá sì béèrè ẹni tí ó ta tíì náà káàkiri ayé, wọn a rẹ́rìn-ín, nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà lára páálí nínú ilé ìdáná wọn.

Èmi náà lọ, mo sì wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì lórí àwọn òkè náà. Ohun tí mo wá sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá wo ọ̀kan tí ó fi ìkejì sílẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó gbọ́, ìdajì tí ó sì gbọ́ náà jẹ́ ti àwọn tí wọ́n jẹ èrè. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tíì àkọ́kọ́ wà ní Hantana, lórí òkè tí kò jìnnà sí ìlú Kandy. Ilé iṣẹ́ tíì ni tẹ́lẹ̀ rí. 1925 ni wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti dúró níbẹ̀, àjọ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ tíì fún ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn olóko tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àlejò ní 2001. Ilé alájà mẹ́rin ni, fèrèsé sì yí gbogbo ara rẹ̀ ká. N kò ní ṣe àbòsí: ilé náà dára, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wà níbẹ̀, èyí tí ń yí ewé, èyí tí ń gbẹ ẹ́, àti èyí tí ń fún gbogbo wọn lágbára. Ìwé àti ohun ìrántí Taylor wà níbẹ̀. Ibi tí a ti ń ra tíì wà lókè, orí àjà tí ó ga jù lọ sì ni a ti ń jókòó mu tiwa, tí a ó sì máa fi awò wo ìlú Kandy nísàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ yóò rí ìmọ̀ kó níbẹ̀. Ìdí tí ilé iṣẹ́ tíì fi ga, tí ó sì ní fèrèsé púpọ̀, ni pé àjà òkè ni wọ́n ń tẹ́ ewé tútù sí fún bíi wákàtí 12 sí 18, kí ó lè rọ, kí omi ara rẹ̀ sì dín kù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò yí i pọ̀ títí oje rẹ̀ yóò fi jáde. Wọn yóò fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lù ú, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n bí idẹ. Ooru iná yóò gbẹ ẹ́ di dúdú. Asẹ́ yóò wá yà á sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, láti orí èyí tí ó rí gbàǹgbà bí ewé, títí dé orí èyí tí ó kúnná bí eruku, tí wọ́n ń dì sínú àpò kékeré tí a ń rì sínú omi gbígbóná.

Awakọ̀ tí mo háyà ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣe afinimọ̀nà fún mi. Láti Kandy títí a fi dé orí òkè, ìtàn tíì ni ó ń sọ, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní ọmọ Skọ́tláǹdì ni Taylor, pé 1852 ni ó dé erékùṣù náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Ceylon. Ó ní 1867 ni ó gbin tíì sí ilẹ̀ éékà 19 ní Loolecondera, pé ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ fi ń yí ewé lórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, àti pé ó kú síbẹ̀ ní 1892 láìpadà sílé. Ó sọ bí àrùn ṣe kọ lu ewé kọfí láti 1869, tí ó pa oko kọfí run, tí gbogbo olóko fi sá tọ tíì lọ. Ó sọ nípa Thomas Lipton, oníṣòwò ará Glasgow tí ó dé ní 1890, tí ó ra oko lórí òkè Haputale, tí ó sì di olówó rẹpẹtẹ.

Mo wá bi í pé, "Ta ni ó ń já ewé náà?"

Ó ní, "Àwọn obìnrin Tamil ni," ó sì yí ọ̀rọ̀ sí oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ni ìjà mi ti bẹ̀rẹ̀. N kò bá awakọ̀ náà jà; ohun tí àlejò ń fẹ́ gbọ́ ni ó ti kọ́ láti máa sọ. Àwa àlejò ni mo ń bá jà. Ẹ̀rọ kò lè yí ewé tí ẹnìkan kò já. Bí wọ́n bá gbé gbogbo irin inú ilé náà sọ sínú omi, ènìyàn ṣì lè fi ọwọ́ yí tíì bí Taylor ti ṣe lórí tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin náà bá jókòó sílé fún oṣù kan, kò sí tíì. Kí ló dé tí ẹni tí a kò lè ṣe láìsí i fi di ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú ìtàn wákàtí méjì?

Ẹ wo iṣẹ́ náà bí ó ti rí. Ewé méjì àti ọ̀mùnú tí ó wà lórí wọn ni wọ́n ń já, ọ̀mùnú lẹ́yìn ọ̀mùnú, lórí òkè tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nínú òjò àti oòrùn, pẹ̀lú eṣúṣú tí ń wá ẹsẹ̀ tí yóò lẹ̀ mọ́. Okùn apẹ̀rẹ̀ tàbí ti àpò ni wọ́n ń fi kọ́ orí. Ní ọ̀pọ̀ oko, ìwọ̀n tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ obìnrin kan lójúmọ́ tó nǹkan bí kílò 18. Bí kò bá pé e, owó rẹ̀ lè dín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ó ń gba bíi kílò mẹ́rin àbọ̀ ewé tútù kí a tó rí kílò kan tíì gbígbẹ. Kílò 18 yóò di kílò 4. Bí àpò kékeré kan bá gba gíráàmù 2, iṣẹ́ òòjọ́ obìnrin kan jẹ́ àpò 2,000. Ìwọ tí o ń mu ife kan láràárọ̀, ohun tí obìnrin yìí já láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ yóò tó ọ mu fún ọdún márùn-ún, yóò sì ṣẹ́ kù.

Èló ni wọ́n wá ń san fún un? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pariwo, 2021 ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí owó òòjọ́ pé 1,000 rúpì, èyí tí ó tó nǹkan bí dọ́là 5 Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní 2022, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà dojú dé, owó wọn sì já wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé owó òòjọ́ náà dé 1,350 rúpì ní 2024, kò tún tó dọ́là 5 mọ́. Iye ń gòkè lórí ìwé, ọjà ń gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Nínú èdè wa, ẹni tí ó bá borí ni a ń sọ pé ó jáwé olúborí. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń jáwé láti nǹkan bí 150 ọdún. Ìgbà wo ni wọn yóò já ti olúborí?

Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe dé orí òkè náà? Ìtàn wọn ti wà kí Taylor tó dé. Gúúsù Íńdíà ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, láti nǹkan bí 1823, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko kọfí. Ìyàn àti gbèsè ni ó lé púpọ̀ nínú wọn kúrò nílé. Wọ́n a wọ ọkọ̀ ojú omi dé etíkun Mannar, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rin inú igbó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ títí dé Matale, kí wọ́n tó gun òkè. Ìgbẹ́ gbuuru onígbáméjì àti ibà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn sójú ọ̀nà. Ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní kangani ni ó máa ń kó wọn wá. Òun ni ó yá wọn lówó ọ̀nà, òun ni ó ń ṣe olórí wọn nínú oko, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbèsè wọn wà. Àwa Yorùbá mọ irú okùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn ni wọ́n ṣán igbó orí òkè fún kọfí. Àwọn ni wọ́n tún hú òkú kọfí, tí wọ́n gbin tíì sí ojú rẹ̀. Taylor kò dá éékà 19 ro.

Èyí tí ó burú jù lọ kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òyìnbó. Ní 1931, nígbà tí wọ́n fún àgbàlagbà lọ́kùnrin lóbìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò ní erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ oko yìí rí i gbà. Ní ìdìbò 1947, wọ́n yan àwọn ènìyàn tiwọn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òmìnira dé ní February 1948. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba tuntun ṣe òfin kan tí ó sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé níbẹ̀ ni wọ́n ti bí baba òun, tàbí baba àti baba ńlá òun. Ta ni ó ń kọ ìwé ìbí fún ọmọ alágbàṣe lórí òkè? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jí, wọn kò ní orílẹ̀-èdè mọ́. Ní 1949, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú.

Ní 1964, olórí ìjọba Ceylon àti ti Íńdíà jókòó, wọ́n pín wọn bí ẹni pín iṣu. Íńdíà yóò kó 525,000, Ceylon yóò mú 300,000, wọn yóò sì dúró ná lórí 150,000 tí ó kù. Ní 1974, wọ́n tún jókòó, wọ́n pín àwọn tí ó kù sí méjì ọgbọọgba, 75,000 sí ọ̀tún, 75,000 sí òsì. Ilẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn kò fojú rí rí ni wọ́n ń dá wọn padà sí. 2003 ni òfin tó wá fún àwọn tí ó ṣẹ́ kù ní ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè pátápátá, ọdún 55 lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní gbogbo ọdún 55 yẹn, wọ́n ń já ewé. Tíì kò wọ́n lọ́jà ayé nítorí pé ẹni tí ó já a kò ní orílẹ̀-èdè.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní ọ̀rọ̀ Sri Lanka kò kan òun, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó lọ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà ní November 1969. Ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi, tí wọ́n ti ilé ọkọ síbẹ̀, tí wọ́n sin òbí wọn síbẹ̀, di ẹrù wọn sórí ọkọ̀, wọ́n sì padà sí ìlú tí àwọn ọmọ wọn kò mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ní January 1983, ìjọba Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Gánà, a sì fi wọ́n sọ orúkọ báàgì. A mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n lé, a sì mọ bí ó ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tí ń léni. Ẹni tí ó mọ méjèèjì kò ní àwáwí láti duro níwájú obìnrin Tamil kí ó máa wò ó bí òdòdó ojú ọ̀nà.

Ilé kejì tí mo sọ wà ní ẹ̀bá Gampola, nínú oko tí wọ́n ń pè ní Old Peacock. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òṣìṣẹ́ oko tíì ni. Àjọ kan tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn náà ni ó dá a sílẹ̀ ní 2007. Kì í ṣe ilé alájà mẹ́rin. Inú ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé rí ni wọ́n ṣe é sí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní láìnì, nítorí pé ìyàrá ibẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ òrùlé gígùn kan ṣoṣo. Ìyàrá kan fún ẹbí kan ni òfin láìnì láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ. Irinṣẹ́ oko wà níbẹ̀, ohun èlò ìdáná wà níbẹ̀, ìwé àti fọ́tò wà níbẹ̀. Kò sí àjà tí a ti ń fi awò wo ìlú. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ẹbí ṣì ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri orí òkè.

Ní ilé àkọ́kọ́, mo bá àwọn àlejò tí wọ́n kún inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Ní ilé kejì, èmi nìkan ni àlejò lọ́jọ́ náà. Láti Kandy sí Gampola kò ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fèsì. Wọn yóò ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Hantana, nítorí náà ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Mo gbà. N kò ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ jáde. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àlejò má ṣe rò pé ẹ̀rọ ni ìtàn. Ilé kan kò lè sọ ohun gbogbo. Ìdí nìyí tí ìkejì fi wà, ìdí nìyí tí mo sì fi ní kí a lọ síbẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní Taylor àti Lipton náà ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Taylor pàápàá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ni, kì í ṣe olówó oko, ó sì lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí òkè náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí orúkọ ń ṣe. Ibì kan wà lórí òkè Haputale tí àwọn àlejò ń gùn lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìjókòó Lipton ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ibẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí láti wo oko rẹ̀. Ibi tí ọkùnrin kan jókòó sí ní orúkọ títí di òní. Àwọn tí wọ́n dúró nísàlẹ̀ tí ó ń wò, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn.

Àwọn kan yóò sì ní fàájì ni àwọn lọ ṣe, àwọn kò lọ gbọ́ ẹjọ́. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá kọjá lára ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lóko láìkí i pé "ẹ kú iṣẹ́ o", a ó ní ilé kò kọ́ ọ. Kò ní jẹ́ àwáwí pé ó ń yára, tàbí pé fàájì ni ó ń lọ. Ta wá ni ó kọ́ wa pé a lè dúró ní ẹ̀bá oko olóko, kí a yọ fóònù jáde, kí a ya àwòrán ẹni tí òógùn bò, kí a sì máa lọ? A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Ẹ̀kọ́ ilé kì í dúró sí pápákọ̀ òfurufú.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ tiwa ti wọ̀ ọ́. Nínú ilé Yorùbá, ohun gbígbóná gbogbo tí a ń mu láàárọ̀ ni tíì. Bournvita ni tíì. Milo ni tíì. Ovaltine ni tíì. Ní ilé àwọn mìíràn, kọfí pàápàá, tíì ni. Nígbà tí a wá nílò orúkọ ọ̀tọ̀ fún tíì gan-an, ewé tí ó ti orí òkè wá, orúkọ oníṣòwò ni a fún un. Lipton ni a ń pè é, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó dì í sí páálí. Ọkùnrin tí ó ra oko ní 1890, tí ó kú ní 1931, ni a ń pè lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Kò sí baba ńlá wa kankan tí a ń pè tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni a wò kí a tó sọ ewé yìí lórúkọ? Èmi ti wo ilé náà. Ìyàrá kan ni, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, èéfín sì ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú.

Àwọn ènìyàn náà ti fún ara wọn lórúkọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ìjọba ń pè wọ́n ní Tamil ará Íńdíà, bí ẹni pé àná ni wọ́n dé. Orúkọ tí púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ báyìí ni Malaiyaha, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn ará àárín òkè. Ẹ fetí sí i dáadáa. Ní Èkó, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní ará òkè, wọ́n bú u ni. Àwọn wọ̀nyí gbé irú orúkọ náà wọ̀ bí adé. Ní 2023, nígbà tí ó pé 200 ọdún tí àwọn àkọ́kọ́ wọn dé, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn rìn, láti etíkun Mannar títí dé Matale, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ náà ni àwọn í ṣe.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fún òkè Kandy, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ọ́. Lọ sí Hantana, kí o sì lọ sí Gampola. Ẹni tí ó bá ní àyè fún ọ̀kan ṣoṣo, kí ó mú ti Gampola. Bí o bá kan àwọn ajáwé lóko, kọ́kọ́ kí wọn, béèrè orúkọ, gba àṣẹ, kí o tó ya ohunkóhun. Bí o bá sì padà délé, tí ọmọ rẹ bá bi ọ́ ibi tí tíì ti ń wá, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọ̀dọ̀ Taylor, má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Lipton. Bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ tí ó já a.

Àwa tí kòkó kọ́ ilé fún, tí a ń fi Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965 yangàn, kí àwa náà ronú. Lọ́jọ́ tí a bá kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún kòkó tiwa, ta ni yóò wà ní ẹnu ọ̀nà? Bí ó bá jẹ́ òṣèlú àti ọ̀gá tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nìkan ni àwòrán wọn wà níbẹ̀, tí kò sí alágbàṣe tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣán oko, tí kò sí ìyàwó àgbẹ̀ tí ó pa kòkó tí ó sì sá a, a ó ti fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun tí mo ń bá àwọn ẹlòmíràn jà lé lórí.

 Bí ẹ bá ń mu tíì lọ́wọ́ bí ẹ ti ń ka èyí, ẹ bá mi kí ẹni tí ó já a: ẹ kú iṣẹ́ o.